Wọ́n ní ọmọ àlè ni nítorí irun orí ẹ̀! Ibi tí irun pupa àwọn òyìnbó ti ṣẹ̀ wá rèé

Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó ti ń tẹ̀lé Harry, ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kiri láti kékeré, ọ̀rọ̀ irun orí ẹ̀ ni. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni Diana bí i fún Charles, ẹni tó di ọba lọ́dún 2022. Irun Charles kò pupa. Irun Diana fúnra ẹ̀ kò pupa. William tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Harry náà, irun tiẹ̀ kò pupa. Àmọ́ nígbà tí irun Harry hù dáadáa, pupa ló hù, àfi bí ẹni fi osùn pa á. Ni àwọn aláhesọ bá gbé e. Wọ́n ní Charles kọ́ ló lọmọ. Wọ́n ní ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ James Hewitt, tí Diana yàn lọ́rẹ̀ẹ́ nígbà tí ilé ọkọ kò rọgbọ mọ́, òun ló lọmọ. Kí ni ẹ̀rí wọn? Wọ́n ní ṣebí irun Hewitt náà pupa!

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán bọ̀rọ̀. Diana fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 1995 pé lóòótọ́ lòun fẹ́ràn Hewitt, àwọn èèyàn sì tún rí ohun tuntun dì mú. Àmọ́ ọdún 1986 ni Diana àti ọkùnrin yìí mọra, Harry ti ń rìn kiri inú ilé nígbà yẹn. Hewitt fúnra ẹ̀ sọ ọ́ síta lọ́dún 2002 pé òun kọ́ lòun bí ọmọ náà. Síbẹ̀, nígbà tí Harry dúró níwájú adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹfà ọdún 2023, tó ń bá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ṣẹjọ́, ó ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bí òun tán ni ìyá òun tó mọ ọkùnrin náà. Ẹ wo ohun tí ọmọ gbé sínú láti kékeré!

Ta ló wá fún Harry ní irun pupa? Ẹni bá fẹ́ mọ̀, kó lọ wo ilé àwọn Spencer, ìyẹn ilé tí wọ́n ti bí Diana. Sarah tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Diana, onírun pupa ni. Charles Spencer tó jẹ́ àbúrò Diana, onírun pupa ni. Ilé ìyá ọmọ ni nǹkan náà wà, tí kò sápamọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn sì ń wá a kiri ilé àlè.

Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ tú ọ̀rọ̀ irun pupa yìí wò lónìí nìyẹn. Obìnrin tí wọ́n ti tìtorí irú irun bẹ́ẹ̀ fẹ̀sùn àgbèrè kàn kì í ṣe Diana nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n ti fi ojú ẹ̀ rí màbo kì í ṣe Harry nìkan.

NÍBO NI WỌ́N PỌ̀ SÍ?

Ẹni tí kò bá gbé láàárín àwọn òyìnbó lè máa rò pé bákan náà ni gbogbo wọn rí. Irọ́ ni o. Láàárín àwọn náà, onírun dúdú wà, onírun bí ìyẹ̀fun àgbàdo wà, àwọn onírun pupa ló sì kéré jù. Bí a bá kó gbogbo èèyàn ayé jọ, onírun pupa kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Awọ ara wọn máa ń funfun ju ti òyìnbó yòókù lọ, àmì wẹ́wẹ́ sì máa ń wà tó-tò-tó lójú àti lápá ọ̀pọ̀ wọn. Kì í ṣe àfín là ń wí o, ká má ṣì í mú. Àfín ni ẹni tí aró ara ẹ̀ kò tó, ó sì wà nínú gbogbo ẹ̀yà tó wà láyé. Onírun pupa ní aró tiẹ̀ lára, irú aró tó ní ló yàtọ̀.

Scotland ni ilé wọn gan-an. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti máa ń sọ pé 13 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ibẹ̀ ló ní irun pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò tó jáde lẹ́yìn ìyẹn já a wálẹ̀ sí bíi 6. Ireland tẹ̀lé e, wọ́n ní wọ́n tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Wọ́n wà dáadáa ní Wales àti ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí èèyàn bá kọjá òkun sí Netherlands, Denmark àti Norway, á ṣì máa pàdé wọn lójú pópó. Àmọ́ bó bá ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀, lọ́nà Sípéènì, Ítálì àti Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa dín kù, títí tí yóò fi rìn ìrìn ọjọ́ kan gbáko láì rí ẹyọ kan.

Àwọn òyìnbó ti ń ka irun ara wọn tipẹ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Beddoe, ará Bristol, máa ń mú káàdì kékeré lọ́wọ́ rìn kiri ọjà àti òpópó, bí èèyàn bá ti kọjá, á sàmì sí irú irun àti irú ojú tó ní. Ọdún 1885 ló kó gbogbo ẹ̀ jọ sínú ìwé. Nígbà tó di 1908, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tocher tẹ àbọ̀ irun àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri Scotland jáde.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé irun pupa tún wà níbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lápá ibi odò Volga, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní Udmurt. Èdè wọn kò bá ti Rọ́ṣíà tan, èdè àwọn ará Finland ló bá tan. Àwọn wọ̀nyí náà lókìkí fún irun pupa, bẹ́ẹ̀ Scotland jìnnà sí wọn bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Ó wà láàárín àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù. Ó wà lórí òkè Rif ní Morocco àti láàárín àwọn Kabyle ní Algeria, ní Áfíríkà tiwa níbí. Bí a bá sì ka orí kan ṣoṣo, Amẹ́ríkà ló ni wọ́n jù, nítorí pé àwọn ará Ireland àti Scotland ya lọ síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pàápàá nígbà tí ìyàn mú ní Ireland láàárín 1845 sí 1852. Amẹ́ríkà ti lé ní 330 mílíọ̀nù èèyàn. Bí a bá ní èèyàn 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní irun pupa, wọ́n ti ju gbogbo èèyàn tó wà ní Scotland lọ nìyẹn.

ÀWỌN ÌTÀN TÍ KÒ DÚRÓ

Bí a bá bi àwọn òyìnbó pé níbo ni nǹkan yìí ti wá, ìtàn oríṣiríṣi ni wọ́n máa sọ. Àwọn kan ní àwọn Viking, ìyẹn àwọn jàgùdà ojú omi tó ti Norway àti Denmark wá, ni wọ́n gbìn ín sí Scotland àti Ireland. Ìtàn náà dùn, ọdún rẹ̀ ni kò bára mu. Ọdún 793 ni àwọn Viking kọ lu ilé ìjọsìn Lindisfarne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni òkìkí ìjà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 98 lẹ́yìn ìbí Jésù ni Tacitus, ọmọ Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irun àwọn ará Caledonia, ìyẹn Scotland ìsinsìnyí, pupa, àti pé ìrísí wọn jọ ti àwọn ará Jámánì. Ẹni tó ti wà nílé ní 700 ọdún kí àlejò tó dé, báwo ni àlejò ṣe máa bí i?

Kódà àwọn Gíríìkì ti mẹ́nu bà á ṣáájú ìgbà yẹn. Ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, Xenophanes sọ pé àwọn ará Thrace máa ń ya ère òrìṣà wọn ní olójú búlúù àti onírun pupa, nítorí pé bí àwọn fúnra wọn ṣe rí nìyẹn. Herodotus náà kọ̀wé nípa ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Budini, lápá òkè Òkun Dúdú, ó ní wọ́n pupa.

Ìtàn kejì ni ti àwọn Neanderthal, ìyẹn irú ènìyàn kan tó gbé Yúróòpù láyé ijọ́un kó tó run. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ egungun wọn tí wọ́n hú ní Sípéènì àti Ítálì wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí irun àwọn kan nínú wọn pupa. Ni ariwo bá ta pé àwọn Neanderthal ló bí àwọn onírun pupa. Àmọ́ ìwádìí yẹn kan náà ló sọ pé irú àyípadà tó wà lára àwọn yẹn yàtọ̀ sí èyí tó wà lára èèyàn òde òní. Òjò tó pa wọ́n kọ́ ló pa àwọn tòní.

ÌKÒKÒ ARÓ MÉJÌ

Òótọ́ ọ̀rọ̀ jáde lọ́dún 1995. Àwọn onímọ̀ kan, tí Jonathan Rees wà lára wọn, ló ṣàwárí ẹ̀ ní Newcastle. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé wa. Ìkòkò aró méjì ló wà lára èèyàn, ọ̀kan dúdú, èkejì pupa. Nǹkan àjogúnbá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MC1R, òun ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ìkòkò dúdú. Bí MC1R bá ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, irun á dúdú. Bí ó bá ní àbùkù, àṣẹ kò ní í dé ibi tó yẹ, ìkòkò pupa nìkan láá máa dà sórí irun.

Gbogbo èèyàn ló ní MC1R méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká tó lè rí ọmọ onírun pupa, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àfi kí méjèèjì lábùkù. Bí ẹyọ kan péré bá lábùkù, èyí tó kù á máa ṣiṣẹ́ lọ, irun onítọ̀hún á sì dúdú tàbí kó rí bí ìyẹ̀fun àgbàdo. Ó lè jẹ́ irùngbọ̀n ẹ̀ nìkan ló máa pupa díẹ̀. Kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan sára.

Ṣé ẹ̀yin ònkàwé wa ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí jọ ohun kan tí a mọ̀ nílé? Ọ̀rọ̀ AS àti SS ni. Ọkùnrin tó jẹ́ AS, ara ẹ̀ le koko. Obìnrin tó jẹ́ AS, ara ẹ̀ le koko. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí SS, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé obìnrin náà lọ gbé oyún níta. Bí ti irun pupa ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé irun pupa kì í ṣe àìsàn. Bí bàbá bá gbé ẹyọ kan, tí ìyá gbé ẹyọ kan, tí irun àwọn méjèèjì sì dúdú bí èédú, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin láti bí ọmọ onírun pupa. Nǹkan náà lè fo ìran méjì, ó lè fo ìran mẹ́ta, lọ́jọ́ kan á kàn yọ jáde lórí ọmọ, gbogbo ilé á wá máa wo ojú ìyàwó.

Wọn ò sì tíì mọ ìdí ẹ̀ tán. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Edinburgh yẹ àjogúnbá àwọn èèyàn tó tó 350,000 wò ní Ìlú Ọba. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé MC1R méjèèjì tó lábùkù tí irun wọn kò sì pupa, wọ́n sì rí àjogúnbá mẹ́jọ mìíràn tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ A Ò NÍ IN?

Oòrùn ni. Ìwádìí tí Rosalind Harding àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2000 fi hàn pé ní Áfíríkà, MC1R kì í ní àbùkù rárá, bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Lábẹ́ irú oòrùn tiwa, ẹni tí aró dúdú kò bá bò lára, ìyà ńlá ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn ṣí kúrò ní Áfíríkà, tí wọ́n dé ibi tí kùrukùru ti ń bo ojú ọ̀run ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ẹ̀ṣọ́ sùn lọ. Àbùkù wọlé, kò sí oòrùn tó máa fìyà jẹ ẹni tó gbé e, ó sì ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i níbi tó jìnnà síra bíi Scotland àti odò Volga. Irun pupa kì í ṣe ẹ̀yà kan, kò sì ní baba ńlá kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ó ti kan àwọn èèyàn dúdú, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wá sí Yunifásítì Ìbàdàn lóṣù karùn-ún ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Ọmọwálé yìí, irun ẹ̀ pupa rúsúrúsú. Nígbà tó ń ta pàtàkì ọ̀dọ́ kiri Harlem, “Detroit Red” ni wọ́n ń pè é. Ìyá ẹ̀ tí wọ́n bí ní erékùṣù Grenada, òyìnbó ará Scotland ni bàbá tó bí i. Malcolm kò fi ẹ̀jẹ̀ òyìnbó yẹn yangàn rárá, ó sọ ọ́ kedere nínú ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ pé òun kórìíra ẹ̀, nítorí ìyà tí àwọn òyìnbó fi jẹ àwọn obìnrin dúdú. Ìwà ìkà tó ti kọjá tipẹ́, orí ọmọ ọmọ ni wọ́n ti ń kà á.

Ẹ tún wo Meghan, ìyàwó Harry, tó sọ lọ́dún 2022 pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún òun ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí òun àti ọkọ ẹ̀ wá lóṣù karùn-ún ọdún 2024, Olúwo Ìwó sọ ọ́ ní Adétòkunbọ̀. Harry ti sọ lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà lóṣù kìíní ọdún 2023 pé òun rò pé irun pupa òun kò ní í lè dúró níwájú ẹ̀jẹ̀ Meghan, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì ló ní irun pupa. Òyìnbó ni bàbá Meghan, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá.

Ẹ̀SÍN TÍ WỌ́N Ń FI WỌ́N ṢE

Ẹ gbọ́ ná, òyìnbó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí òyìnbó. “Ginger” ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn atalẹ̀. Láyé àtijọ́, bí àwọn ayàwòrán Yúróòpù bá fẹ́ ya Júdásì tó ta Jésù, ọ̀pọ̀ wọn á kùn ún ní irun pupa, kí gbogbo ayé lè mọ ọ̀dàlẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tí wọn ò jẹ́ sọ ìsọkúsọ sí ni Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní tó jọba láti 1558 sí 1603. Irun tiẹ̀ pupa, àwọn obìnrin ààfin sì ń pa irun tiwọn láró kó lè jọ tiẹ̀. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín ẹni tó lè bẹ́ ni lórí?

Lóde òní ńkọ́? Lọ́dún 2005, eré kàtúùnù South Park ní Amẹ́ríkà fi àwọn ọmọ onírun pupa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wọn ò ní ọkàn. Wọ́n fẹ́ fi bú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, àmọ́ àwọn ọmọdé kò gbọ́ àṣamọ̀ yẹn. Lóṣù kọkànlá ọdún 2008, ọmọ ọdún 14 kan ní Canada dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Facebook pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti máa ta onírun pupa nípàá. Àwọn ọmọ sì ṣe é lóòótọ́! Nígbà tó di 2009, ní Calabasas, California, àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ọdún 12 kan lù ú nílé-ìwé nítorí irun orí ẹ̀. Ní Newcastle lọ́dún 2007, odindi ìdílé kan kó kúrò nílé nítorí èébú àti ìyọlẹ́nu àwọn ará àdúgbò.

Àwọn àgbà òṣèlú pàápàá kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2010, Harriet Harman, igbákejì olórí ẹgbẹ́ Labour, dìde níwájú èrò ní Scotland, ó pe mínísítà kan, Danny Alexander, ní eku onírun atalẹ̀. Alexander fèsì pé òun ń fi irun òun yangàn, àti pé eku náà níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ń palẹ̀ ẹ̀gbin táwọn kan dà sílẹ̀ mọ́. Harman padà tọrọ àforíjì. Lọ́dún 2011 ni Cryos, ilé iṣẹ́ tó ń gba àtọ̀ ọkùnrin pamọ́ ní Denmark, sọ pé àwọn ò gba ti onírun pupa mọ́, ó ti pọ̀ jù nílẹ̀, àwọn tó ń rà á kò sì pọ̀. Ireland nìkan ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀ dáadáa.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bá wọn dá sí gan-an ni ìlera. Oòrùn tètè máa ń jó awọ ara onírun pupa, jẹjẹrẹ awọ ara sì tètè máa ń mú wọn. Ìwádìí ọdún 2016 tiẹ̀ sọ pé ẹni tó gbé ẹyọ kan péré, tí irun ẹ̀ kò pupa, ó yẹ kó ṣọ́ra fún oòrùn. Lọ́dún 2004, àwọn dókítà ní Louisville, Amẹ́ríkà, yẹ obìnrin 20 wò, wọ́n ní àwọn onírun pupa gba ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn oorun ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Àmọ́ ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ tó tẹ̀lé e kò rí ìyàtọ̀ náà.

WỌN KÒ NÍ Í TÁN

Ìwé ìròyìn kan náà tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ló tún ń pariwo lọ́dún 2007 pé wọ́n máa tán láyé láìpẹ́. Irọ́ ni. Ohun tó sápamọ́ sára ọ̀pọ̀ èèyàn tí irun wọn kò pupa, báwo ló ṣe máa tán? Ní Netherlands, lọ́dún 2005, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Bart Rouwenhorst, tí irun tiẹ̀ kò pupa, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin onírun pupa 15 tí òun máa yà. Àádọ́jọ ló dáhùn! Ó di àjọ̀dún ọdọọdún. Lọ́dún 2013, ní ìlú Breda, onírun pupa 1,672 ló dúró síbi kan náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Láti 2019 ni wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú Tilburg. Ẹni tó jẹ́ òun nìkan ló ní irú irun bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní atalẹ̀, á dé ibẹ̀, á rí i pé òun lẹ́bí.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí ẹ̀ ń fẹ́ra pẹ̀lú wọn, tí ọmọ yín sì ń bá ọmọ wọn jókòó ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ọmọ bá wá sílé tó ní irun òun kò jọ ti bàbá òun, ẹ má fi ṣàwàdà. Harry kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2023 pé bàbá òun gan-an máa ń fi ọ̀rọ̀ ta ló bí òun ṣàwàdà, òun ò sì rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kí ọkọ tó bá sì ní irun ọmọ kò jọ ti òun kọ́kọ́ béèrè irú irun tí ìyá ìyá òun ní, kó béèrè ti bàbá bàbá ìyàwó ẹ̀, kó tó la ẹnu ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àlè. Ọ̀rọ̀ bá ti jáde lẹ́nu, ó di ẹyin tó fọ́.